Màmá mi tẹ fáìlì kan lórí WhatsApp, ẹ gbà mí o

Ọmọ_Mọ́kọ́lá:
Ẹ jọ̀ọ́, fáìlì kan wá látọ̀dọ̀ ọ̀rẹ́ màmá mi lánàá, pé owó ìrànwọ́ ìjọba ni, wọ́n tẹ̀ ẹ́, fóònù ní ṣé kóun gbà á láyè, wọ́n ní bẹ́ẹ̀ ni, àtìgbà yẹn ló ti ń gbóná bí ààrò, tí mo bá fẹ́ yọ ọ́ ṣe ló ń ti sẹ́tíńsì pa fúnra ẹ̀. Owó ọjà wọn wà lórí fóònù yẹn o!

Ìyá_Ìbejì:
Ẹ pa dátà ẹ̀ báyìí báyìí! Ẹ fi fóònù míì pe báǹkì kí wọ́n ti àkáǹtì ná. Nọ́ńbà ẹ̀yìn káàdì ATM ni kẹ́ ẹ pè, àwọn gbájúẹ̀ ń gbé nọ́ńbà tiwọn sórí Google.

Tẹ́lọ̀_Fóònù:
Tó bá parí sí .apk, àápù nìyẹn, kì í ṣe fọ́ọ̀mù. Tó bá ti gba àyè tí wọ́n ń pè ní Accessibility, ó lè ka OTP (kóòdù tí báǹkì ń fi ránṣẹ́ kówó tó jáde) lójú fóònù kó sì máa tẹ nǹkan fúnra ẹ̀. Ẹ tan án sí safe mode, níbi tí àwọn àápù téèyàn gbé sórí ẹ̀ ò ti ní ṣiṣẹ́, ẹ gba àyè yẹn lọ́wọ́ ẹ̀ kẹ́ ẹ tó yọ ọ́. Tèmi o, màá ṣe factory reset lẹ́yìn ẹ̀, ìyẹn ni pé màá nu gbogbo nǹkan orí fóònù kúrò.

Ọmọ_Mọ́kọ́lá:
Báǹkì ti tì í, ẹ ṣé gan-an. Ọ̀rẹ́ wọn láwọn ò fi nǹkan kan ránṣẹ́.

Ìyá_Ìbejì:
Àwọn gbájúẹ̀ ti gba WhatsApp ọ̀rẹ́ wọn nìyẹn. Kí ọ̀rẹ́ yẹn fi nọ́ńbà wọn wọlé padà, kóòdù onínọ́ńbà mẹ́fà á wọlé lórí SMS, kí wọ́n má sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni.