Ọ̀gá tó ń buwọ́ lu logbook mi kò mọ̀ mí: ṣé mo lè wá ẹlòmíì?

Rẹ́sídẹ́ǹtì_Ọdún_Kejì:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Mo wà ní ọdún kejì tí mo ń kọ́ṣẹ́ dókítà ọpọlọ, mo sì ń múra ìdánwò Part 1 ti West African College of Physicians. Kọ́nsọ́táǹtì kan, ìyẹn dókítà àgbà, wà tí wọ́n yàn fún mi nígbà tí mo dé. Èèyàn dáadáa ni wọ́n, wọn kì í jágbe mọ́ni. Àmọ́ ibi ward round nìkan la ti ń ríra: màá ka ìtàn aláìsàn, wọ́n á bi mí ní oògùn tó ń lò, ó di bẹ́ẹ̀dì tó kàn. Ìdúró ni wọ́n ti ń buwọ́ lu logbook mi, ìwé tí mò ń kọ iṣẹ́ tí mo ṣe sí.

Ohun tó mú mi kọ̀wé nìyí. Ọmọkùnrin kan tí mo tọ́jú láti ọjọ́ tó wọlé, tí ọjọ́ orí wa fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba, gbẹ̀mí ara rẹ̀ lẹ́yìn tó padà sílé. Wọ́n pe ìpàdé, wọ́n yẹ fáìlì wò, wọ́n ní àkọsílẹ̀ mi pé. Ó tán síbẹ̀. Kò sẹ́ni tó bi mí bóyá mò ń rí oorun sùn. Láti ìgbà náà, bí mo bá fẹ́ kọ ọ́ pé kí aláìsàn máa lọ sílé, ọwọ́ mi á máa gbọ̀n.

Kọ́nsọ́táǹtì obìnrin kan wà ní ẹ̀ka àwọn ọmọdé tí ọkàn mi fà mọ́. Tí mo bá lọ bá wọn, ṣé kò ní dà bíi pé mò ń fojú di ọ̀gá mi? Báwo lèèyàn tiẹ̀ ṣe ń gbé irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ síwájú àgbà?

Ọmọ_Ẹ̀gbá_ní_Leeds:
Pẹ̀lẹ́ o. Níbí ní ìlú Òyìnbó, ẹ̀tọ́ ni wákàtí kan lọ́sẹ̀ fún ẹni tó ń kọ́ṣẹ́ yìí, òun àti kọ́nsọ́táǹtì rẹ̀ nìkan. Educational supervisor, ọ̀gá tó ń mójú tó ẹ̀kọ́ ẹni, tún wà lọ́tọ̀. Balint group náà wà, níbi tá a ti ń sọ ohun tí aláìsàn ń dá sílẹ̀ lọ́kàn wa. A kì í sọ̀rọ̀ oògùn níbẹ̀. Àwọn ọ̀gá kan máa ń fi wákàtí yẹn kún fọ́ọ̀mù, n ò ní parọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí aláìsàn kan kú mọ́ mi lọ́wọ́, wákàtí náà ti wà nílẹ̀, n ò bẹ ẹnikẹ́ni kí n tó rẹ́ni bá sọ̀rọ̀.

Ìyá_Kọ́nsọ́táǹtì:
Àbúrò mi, pẹ̀lẹ́. Irú rẹ̀ ti bá ọ̀pọ̀ nínú wa, a kàn ń gbé e mì ni. Ó dùn mí pé wọ́n fi ìwọ nìkan sílẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀.

Ìfojúdi kọ́ rárá. Ẹni tó máa sọ bóyá o yẹ fún ìdánwò, báwo lo ṣe fẹ́ sọ fún un pé ọwọ́ rẹ ń gbọ̀n? Ṣùgbọ́n ọ̀gá rẹ ni kó o kọ́kọ́ sọ fún, kí wọ́n má lọ gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíì.

Tó o bá dé ọ̀dọ̀ obìnrin náà, má sọ pé kí wọ́n wá máa tọ́ ẹ sọ́nà. Aláìsàn kan ni kó o mú lọ. Ní kí wọ́n bá ẹ jókòó nígbà tó o bá ń bá a sọ̀rọ̀. Bí mo ṣe ń ṣe pẹ̀lú àwọn tèmi nìyẹn: màá jókòó létí fèrèsé, n ò ní sọ̀rọ̀. Ibi tí àga dókítà kọjú sí ni mo kọ́kọ́ máa ń wò. Wọ́n á mú ọmọbìnrin kan wá, ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ á jókòó sáàárín. "Ṣé ó ń sùn?" Ẹ̀gbọ́n bàbá á dáhùn. "Ṣé ó ń jẹun?" Òun náà ni. Ọmọ ń fa òwú létí ìró rẹ̀. Tí wọ́n bá ti jáde, màá ní kí dókítà jókòó sórí àga ọmọ yẹn, màá sì máa bá nọ́ọ̀sì sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀ bíi pé kò sí níbẹ̀. N kì í tún ṣàlàyé.

N ò bá ẹbí jà o. Ní 1954 tí Dókítà Lambo bẹ̀rẹ̀ sí í fi àwọn aláìsàn Aro, ilé ìwòsàn ọpọlọ ní Abẹ́òkúta, wọ̀ sí abúlé tó wà nítòsí, ìbátan ló ń bá wọn gbé ibẹ̀ nígbà náà. Iṣẹ́ wa kò ṣeé ṣe láìsí wọn. Ṣùgbọ́n aláìsàn ló yẹ kó kọ́kọ́ sọ tẹnu rẹ̀.

Lẹ́yìn irú ìjókòó bẹ́ẹ̀ ni ọ̀gá tó mọṣẹ́ á bi ẹ́ pé, "Kí ló ṣe ẹ́ nígbà tó ń sunkún?" Ibẹ̀ lo ti máa rí àyè sọ ti ọmọkùnrin yẹn. Tí wọ́n bá ní ọwọ́ àwọn dí, má kà á sí pé wọ́n kọ̀ ẹ́. Àwọn dókítà ń lọ òkè òkun, iṣẹ́ ń wọ́jọ sọ́rùn àwọn tó kù. Tún béèrè. Tí oorun bá ṣì ń kọ̀, lọ rí dókítà fún ara rẹ, kì í ṣe ẹni tó ń dá ẹ lẹ́kọ̀ọ́.

Senior_Reg_Ìbàdàn:
Òótọ́ ni mà, àmọ́ àwọn ọ̀gá kan máa ń bínú. Part 2 ń bọ̀, wàá kọ dissertation, ìwé ìwádìí. Fi àwọn ọmọdé ṣe àkòrí rẹ, kí obìnrin náà jẹ́ supervisor rẹ. Ta ló máa bi ẹ́ pé kí lò ń wá lọ́dọ̀ wọn?

Rẹ́sídẹ́ǹtì_Ọdún_Kejì:
Ẹ ṣé gan-an mà, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n náà, ẹ ṣé. Mo ti bá ọ̀gá mi sọ ọ́, wọ́n ní kò burú. Lọ́jọ́bọ̀, Dókítà obìnrin náà máa bá mi jókòó pẹ̀lú ọmọ ọdún mẹ́rìnlá kan tí kì í la ẹnu tí ìyá rẹ̀ bá wà níbẹ̀. Ẹ̀gbọ́n Leeds, ẹ jọ̀ọ́, ẹni mélòó ló ń wà nínú Balint group, ta sì ni kó darí ẹ̀? Àwa mẹ́rin la fẹ́ bẹ̀rẹ̀.