Lọ́ọ̀kì wáyà, bóòtù olówó pọ́ọ́kú àti ìwé ẹ̀yà ẹ́ńjìnì bàálù

Àkànní (Manchester): Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n, ọmọ Àjílété, ẹ kú iṣẹ́ o. Báwo lẹ ṣe ń lọ́ lọ́ọ̀kì wáyà sórí bóòtù ẹ́ńjìnì tí kì í fi í já? Ìkejì: mo rí bóòtù AN (irú bóòtù bàálù kan tó ní ìlànà Amẹ́ríkà) lórí íntánẹ́ẹ̀tì, owó rẹ̀ kò tó ìdajì iye tí ilé ìtajà ń pè é, ó sì bá ihò mu rẹ́gí. Ṣé kí n rà á?

Àjàgbé (Houston): Àbúrò, ti wáyà ná. Wáyà kì í fún bóòtù le o, tọ́ọ̀kì (agbára tí a fi ń yí i) ló ń ṣe ìyẹn. Wáyà kàn ń dá a dúró ni, kí gbígbọ̀n ẹ́ńjìnì má baà tú u. Torí náà, fún un dé iye tí ìwé ẹ́ńjìnì kọ, kí o tó wo ibi tí ihò orí rẹ̀ kọjú sí. Bí ihò kò bá bọ́ síbi tó yẹ, pààrọ̀ wáṣà tàbí bóòtù fúnra rẹ̀. Má dẹ̀ ẹ́ padà, má sì fún un kọjá iye nítorí ihò. Ibẹ̀ lọ̀pọ̀ ọmọ iṣẹ́ ti ń ba nǹkan jẹ́.

MS20995C32 la sábà ń lò, wáyà tí kì í dípẹtà, 0.032 íǹṣì ló nípọn. Ki wáyà bọ ihò, yí apá kan mọ́ orí bóòtù, kí o wá lọ́ méjèèjì pọ̀, ìlọ́ 6 sí 8 nínú íǹṣì kan. Tó bá ku díẹ̀ kó kan ihò bóòtù kejì, dúró, ki apá kan bọ̀ ọ́, fà á kó le, kí o tún máa lọ́ èyí tó kù. Ìrù tí o máa fi sílẹ̀ jẹ́ ìdámẹ́rin sí ìdajì íǹṣì. Tẹ̀ ẹ́ wọlé kó má ya ẹlòmíì lọ́wọ́. Ọ̀nà tí wáyà gbà kúrò lórí bóòtù ni kókó. Fojú inú wò ó pé bóòtù fẹ́ tú: ṣé wáyà á le sí i, àbí á dẹ̀? Tó bá máa dẹ̀, gé e, tún un ṣe.

Àbẹ̀kẹ́ (Calgary): Ẹ ṣeun, ẹ̀gbọ́n. Àlọ́jù ló ń já wáyà, Àkànní. Irin á gan, gbígbọ̀n díẹ̀ á sì ṣẹ́ ẹ. Ibi tí púláyà bá ti họ ọ́, ibẹ̀ náà ló máa ti já. Títọ́ wáyà àtijọ́ lò padà, ká fìyẹn sílẹ̀ fún jẹnẹrétọ̀ ní Tákíè, Ògbómọ̀ṣọ́ 😄. Tuntun ni lójoojúmọ́, sípílítì pín (pín ẹlẹ́sẹ̀ méjì tí kì í jẹ́ kí nọ́ọ̀tì tú) náà bẹ́ẹ̀. Di orí tí o ń gé mú, kó má fò wọ inú ẹ́ńjìnì. Nọ́ọ̀tì tó ní ọ̀rá nylon nínú kì í gba ooru tó ju 121°C lọ, má gbé e dé ibi tó gbóná. Onírin pátápátá tí ìwé dárúkọ ni kí o lò. Èyí tí ìka lásán bá ti lè yí wọlé tán, ó ti kú.

Àlàó (LAUTECH, Ògbómọ̀ṣọ́): Ẹ̀gbọ́n Àjàgbé, nílé níbí a máa ń fi nǹkan kún sípánà kó lè dé ọ̀nà jíjìn. Ṣé ó ń yí tọ́ọ̀kì padà?

Àjàgbé (Houston): Ó ń yí i padà gan-an, tó bá gùn síwájú ní ọ̀nà kan náà. Ká ní rẹ́ǹṣì tọ́ọ̀kì gùn ní íǹṣì 10, o fi íǹṣì 2.5 kún un níwájú. Ìwé ní kí tọ́ọ̀kì jẹ́ 100. 80 lo máa gbé e sí, torí 100 × 10 ÷ 12.5. Tí o bá fi í sórí 100, 125 ni bóòtù máa gbà, o ò sì ní mọ̀. Páìpù lẹ́yìn ọwọ́ rẹ̀, má dán an wò rárá.

Àbẹ̀kẹ́ (Calgary): Ó kan ọ̀rọ̀ bóòtù olówó pọ́ọ́kú. Pé ó wọ ihò kò túmọ̀ sí nǹkan kan. Ní 1990, gíláàsì iwájú bàálù BAC One-Eleven kan ṣí dànù lójú òfuurufú ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Nínú bóòtù 90 tó dè é, 84 tín-ín-rín jù, 6 yòókù kúrú. Gbogbo wọn wọ ihò! Ojú ni wọ́n fi bá èyí àtijọ́ dọ́gba. Ọdún kan ṣáájú, bóòtù ayédèrú wà nínú ohun tó fa jàǹbá bàálù Convair kan tó ń ti Norway lọ sí Jámánì, èèyàn 55 ló kú.

Bóòtù AN, MS àti NAS, tí ìlànà gbogbogbòò wà fún, kò nílò Form 1 (ìwé àṣẹ tó ń bá ẹ̀yà bàálù rìn), ṣùgbọ́n gba ìwé ẹ̀rí olùṣe, kí nọ́ńbà ìdì rẹ̀ bá ti ara páálí mu. Ẹ̀yà tí wọ́n ṣe fún ẹ́ńjìnì gan-an, ìwé àjọ tó ń rí sí ọkọ̀ òfuurufú ló nílò: FAA 8130-3 ní Amẹ́ríkà, EASA Form 1 ní Yúróòpù, CAA Form 1 lọ́dọ̀ rẹ. Àmì FAA-PMA kì í ṣe ayédèrú o, ilé iṣẹ́ mìíràn ló ṣe é pẹ̀lú àṣẹ. Kí o ṣáà rí i pé ẹ́ńjìnì tìrẹ wà lára àwọn tí àṣẹ náà kàn.

Àjàgbé (Houston): Ìwé náà lè jẹ́ ayédèrú. Ní 2023, ẹ̀yà ẹ́ńjìnì CFM56 tó ní ìwé irọ́ tú jáde, ọkọ̀ òfuurufú ní láti dúró sílẹ̀. Pe ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà lórí ìwé, kì í ṣe ẹni tó tà á. Tó bá mú ìfura dání, má dá a padà fún olùtajà, á tà á fún ẹlòmíì. So káàdì mọ́ ọn, tì í mọ́ yàrá ọ̀tọ̀, fà á lé ẹ̀ka tó ń rí sí ìdánilójú iṣẹ́ lọ́wọ́. FAA Form 8120-11 la fi ń fi tó ìjọba létí níbí.

Àkànní (Manchester): Ó ti yé mi. Mo ti ní kó fi ìwé ẹ̀rí ránṣẹ́, ó ní "máa rí i lẹ́yìn owó".

Àbẹ̀kẹ́ (Calgary): Fi í sílẹ̀.