Dráífà tuntun ti wọlé, ẹ̀rọ ò rí díìsìkì mọ́: ẹ mú ìrírí yín wá

Ẹ kú iṣẹ́ o, gbogbo ẹ̀yin tí ń tọ́jú server. Tí a bá ń pààrọ̀ dráífà (ètò tí kernel fi ń bá káàdì sọ̀rọ̀) ti káàdì RAID tàbí HBA (àwọn káàdì tó so díìsìkì mọ́ server) lórí Linux, dráífà fúnra rẹ̀ kọ́ ló sábà máa ń dá wàhálà sílẹ̀. Initramfs ni, ìyẹn àkójọ fáìlì tí kernel (ọkàn Linux) máa ń kọ́kọ́ lò tí ẹ̀rọ bá ń jí. Ẹ̀yìn káàdì yẹn ni díìsìkì tó gbé root (ìpìlẹ̀ gbogbo fáìlì ẹ̀rọ) wà, kernel sì gbọ́dọ̀ ti ní dráífà lọ́wọ́ kó tó lè dé /lib/modules tí àwọn dráífà wà. Ẹ̀dà inú initramfs ló ń bá a jí. Ìdí nìyẹn tí modinfo fi lè máa fi ẹ̀dà tuntun hàn yín, kó sì jẹ́ ti àtijọ́ ló ń ṣiṣẹ́ lábẹ́lẹ̀.

Kí ẹ tó fọwọ́ kan ohunkóhun, ẹ tẹ `lspci -nnk`, kí ẹ wá ìlà "Kernel driver in use". Megaraid_sas ni ti MegaRAID àti ọ̀pọ̀ PERC (káàdì RAID ti Dell), mpt3sas ni ti HBA SAS. Ẹ kọ nọ́ńbà inú àkámọ́ sílẹ̀, bíi 1000:0072 tó jẹ́ ti SAS2008 (chip inú àwọn HBA àtijọ́ kan). Lẹ́yìn náà ẹ fi méjì yìí wé ara wọn:

cat /sys/module/megaraid_sas/version
modinfo -F version megaraid_sas

Ti òkè ni èyí tó ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́, ti ìsàlẹ̀ ni èyí tó wà lórí díìsìkì. Lórí RHEL àti àwọn ìbátan rẹ̀, tí dráífà tuntun bá ti wọlé:

cp /boot/initramfs-$(uname -r).img /boot/initramfs-$(uname -r).img.bak
depmod -a
dracut -f
lsinitrd | grep megaraid

Ìlà tó kẹ́yìn yẹn ni ẹ ò gbọdọ̀ fò. Tí ọ̀nà fáìlì náà bá ní extra tàbí weak-updates nínú, tuntun ti wọlé. Tó bá ṣì jẹ́ kernel/drivers/scsi, ti àtijọ́ ni. Lórí Debian àti Ubuntu, `update-initramfs -u` ni, lsinitramfs lẹ sì máa fi yẹ̀ ẹ́ wò; inú updates/dkms ni dráífà tí DKMS (ètò tó ń tún dráífà kọ́ fún kernel tuntun) bá kọ́ máa ń wà. Ẹ kọ́kọ́ wo `df -h /boot` o, torí tí àyè bá tán, iṣẹ́ yóò já lágbedeméjì. Ẹ má sì dán rmmod (àṣẹ tó ń yọ dráífà kúrò) wò: root jókòó lé e lórí, "Module megaraid_sas is in use" ni yóò dá yín lóhùn. Àfi kí ẹ pa ẹ̀rọ kí ẹ tún un tàn.

Tó bá kọ̀ láti jí, ẹ tẹ lẹ́tà "e" nínú GRUB (ojú ìwé tí a ti ń yan kernel), ẹ fi .bak kún ìparí orúkọ fáìlì initramfs lórí ìlà initrd, kí ẹ tẹ Ctrl-x.

*

Ẹ ṣeun, ẹ̀gbọ́n. Ẹ jẹ́ n fi ti Secure Boot kún un. Ẹ wo `mokutil --sb-state`. Tó bá wà ní títàn, kernel máa lé dráífà tí kò ní àmì àṣẹ tó mọ̀ padà: "Key was rejected by service", tàbí "Required key not available". Ẹ fi `mokutil --import` gbé kọ́kọ́rọ́ wọlé, yóò ní kí ẹ dá pásíwọ̀ọ̀dù kan. Tí ẹ̀rọ bá tún tàn, ojú búlúù kan á jáde, á ní kí ẹ tẹ bọ́tìnnì kan láàárín ìṣẹ́jú àáyá 10. SSH ò tíì sí nígbà yẹn. Ẹni tí kò bá ní iDRAC tàbí iLO (ọ̀nà láti wo ojú ẹ̀rọ láti òkèèrè), tàbí kíbọọ̀dù níwájú ẹ̀rọ, kó má tíì bẹ̀rẹ̀.

*

Ẹ fura tí ẹ bá ń ti RHEL 7 bọ́ sí 8. Mpt3sas ṣì wà nínú 8 tó jáde lọ́dún 2019, àmọ́ Red Hat ti yọ nọ́ńbà àwọn káàdì àtijọ́ kúrò nínú rẹ̀, SAS2008 wà lára wọn. Lspci á fi káàdì hàn yín, ṣùgbọ́n ìlà "driver in use" ò ní sí níbẹ̀. ELRepo, ibi tí àwọn olùyọ̀ǹda ń kó dráífà sí fún RHEL, ní kmod-mpt3sas fún un. Tó bá jẹ́ pé ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń fi ètò sí ẹ̀rọ, ISO dráífà wọn lẹ máa fi inst.dd (àṣàyàn tí a ń kọ sórí ìlà boot) pè. Tèmi ni pé, server tó ń mówó wọlé, ẹ ra HBA tuntun fún un.

*

Ti FreeBSD yàtọ̀. Àwọn káàdì MegaRAID kan wà tí dráífà méjì, mfi àti mrsas, jọ mọ̀, mfi ló sì sábà máa ń gbà á. Tí ẹ bá kọ hw.mfi.mrsas_enable="1" sínú /boot/device.hints, mrsas á gbà á, ṣùgbọ́n orúkọ díìsìkì á yí: mfid0 á di da0. Fstab (àkójọ díìsìkì tí ẹ̀rọ máa ń so mọ́ra tó bá ń jí) tó ṣì ń pe /dev/mfid0p2 kò ní rí nǹkan kan, ẹ̀rọ á sì dúró sí ìlà àṣẹ mountroot>. Ẹ tẹ ? kó to àwọn díìsìkì sílẹ̀, kí ẹ wá kọ ufs:/dev/da0p2. ZFS kì í ní ìyọnu yìí, torí ó ń ka àmì ara rẹ̀ lórí díìsìkì.

Ó dáa kí ẹ ti fún ìpín root ní orúkọ tí kì í yí sílẹ̀. Tí root bá jẹ́ ìpín kejì, `gpart modify -i 2 -l rootfs mfid0`, kí ẹ fi /dev/gpt/rootfs sínú fstab. Ẹ má gbàgbé ìlà swap nínú fstab náà. Ẹ kọ́kọ́ tún ẹ̀rọ tàn pẹ̀lú mfi, kí ẹ rí i pé ó jí, kí ẹ tó kan device.hints.