Ẹ jọ̀ọ́, ta ló lè bá mi dá aláǹtakùn tíńtín yìí mọ̀?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Inú igbó Ọmọ, ní Ìpínlẹ̀ Ògùn, ni mo ti ń gbọn ewé gbígbẹ sórí aṣọ funfun tí ohun kan tó kéré ju orí abẹ́rẹ́ lọ fi rìn jáde. Mo tọ́jú rẹ̀ sínú sípíríìtì.

Lábẹ́ maikirosikóòpù, kò ju ìdajì mìlímítà lọ. Ojú mẹ́rin ni mo kà, méjì so mọ́ra lápá ọ̀tún, méjì lápá òsì. Ikùn rẹ̀ rí roboto. Ṣùgbọ́n ọwọ́ kékeré méjì tó máa ń wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu aláǹtakùn, mi ò rí i! Mo kọ́kọ́ bẹ̀rù pé èmi ni mo ṣẹ́ ẹ, àmọ́ kò sí ojú ibi tó ti já.

Abo ẹbí Symphytognathidae, ìyẹn ẹbí àwọn aláǹtakùn tíńtín kan, kì í ní ọwọ́ yìí. Nínú ẹbí yìí, ìran tí wọ́n ń pè ní Patu sábà máa ń ní ojú mẹ́fà, ìran Anapistula ní mẹ́rin. Ṣé Anapistula ni, àbí ọmọ tí kò tíì dàgbà? Báwo ni mo ṣe lè wò bóyá eyín rẹ̀ méjèèjì lẹ̀ pọ̀, láì bà á jẹ́? Ẹyọ kan ṣoṣo ni mo ní.