Chargeback kì í ṣe ìdápadà owó

Ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́ o. À ń wá orúkọ Yorùbá fún chargeback, ìyẹn kí báńkì oníbàárà gba owó tó ti san padà lọ́wọ́ ẹni tó tajà. Ẹni tó dábàá "ìdápadà owó" fún un lánàá gbìyànjú, àmọ́ mi ò fara mọ́ ọn, kì í sì í ṣe nítorí gírámà.

Àbúrò mi kan ní Tanke, nílùú Ìlọrin níbí, ń kọ́ ọmọ àwọn Yorùbá tó wà l'Amẹ́ríkà lédè lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Oṣooṣù ni owó ń yọ fúnra rẹ̀ lára káàdì àwọn òbí. Ó rí àpilẹ̀kọ kan tí wọ́n túmọ̀ sí Yorùbá: "Bí a ṣe lè dín ìdápadà owó kù"; chargeback ni ẹni tó kọ ọ́ ní lọ́kàn. Ló bá yọ bọ́tìnì tí oníbàárà fi ń bèèrè owó rẹ̀ kúrò. Ó ní òun ń dín ìdápadà kù! Kò pẹ́, àwọn òbí ò bá a sọ̀rọ̀ mọ́, báńkì wọn ni wọ́n ń pè. Báńkì gba owó lọ́wọ́ rẹ̀, ìtanràn tún gun orí ẹ̀.

Ìwọ tó tajà lo ń dá owó padà, ọwọ́ ara rẹ lo fi ń ṣe é. Ti chargeback yàtọ̀: báńkì tó fún oníbàárà ní káàdì ló ń gba owó náà fún un, nípasẹ̀ Visa tàbí Mastercard, ìwọ á wá ṣẹ̀ṣẹ̀ máa kó ẹ̀rí jọ. L'Amẹ́ríkà, òfin ọdún 1974 ló fún ẹni tó ni káàdì àwìn lẹ́tọ̀ọ́ láti takò owó tí kò yé e. Tí ìdápadà bá rọrùn, chargeback á dín kù. Ṣé orúkọ kan náà la ó wá fi pe àrùn àti oògùn rẹ̀?

"Rìfáásà" (reversal) náà kọ́. Ìyẹn ni ti ìdí POS, tí owó yọ lákáǹtì tí ẹ̀rọ ò sì sanwó, tí owó á padà wá fúnra rẹ̀ (nígbà tó bá wù ú). Kò sí ẹni tó pe ẹnì kankan lẹ́jọ́ níbẹ̀.

"Àgbàpadà" lèmi mú. "Wọ́n ṣe àgbàpadà mẹ́ta fún mi lóṣù yìí": ẹni tó bá gbọ́ ọ mọ̀ pé ẹnì kan ló wá gbà á. "Ìràpadà", ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀ fún ṣọ́ọ̀ṣì. Ará Ọ̀fà tó ní ká pè é ní "ìjàkadì owó", torí ìjàkadì lorò Ọ̀fà, pa mí lẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ó bá àtakò tí olùtajà ń gbé padà lọ bá báńkì mu.

Ẹnì kan tún túmọ̀ friendly fraud sí "jìbìtì ọ̀rẹ́". Ọ̀rẹ́ wo? Ẹni tó ra nǹkan, tó lò ó tán, tó wá sọ fún báńkì pé òun ò mọ̀ nípa ẹ̀, "ajẹsẹ́" ni.

Gbogbo ẹni tó ń pe báńkì kọ́ ni ajẹsẹ́ ṣá. Ìyá kan rí orúkọ tí àbúrò mi fi forúkọ iléeṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ lójú alẹ́ẹ̀tì. Orúkọ kíláàsì ló mọ̀, ló bá pariwo olè. Baba aláàjọ kì í kúkú fi orúkọ àjèjì wá gbowó. Àbúrò mi ti yí i padà, ó ń tẹ àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ ṣáájú ọjọ́ tí owó máa yọ, bọ́tìnì náà sì ti padà síta gbangba.

Orúkọ tó ń jáde lójú alẹ́ẹ̀tì yẹn gan-an, kí la ó máa pè é? "Orúkọ ìyọwó" ni mo ṣì ń pè é, kò sì dùn lẹ́nu mi. Ẹ gbé tiyín wá.