Fayolín, ọmọ àti ọ̀nà Èkó: kí ni kí n ṣe?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Kábà ni èmi, ọkọ mi àti ọmọ wa kékeré ń gbé. Iṣẹ́ orin ni mò ń ṣe: fayolín, ohun èlò orin olókùn bíi gòjé, ni mò ń ta. Bí okẹ́sírà (ẹgbẹ́ ńlá àwọn tó ń lo ohun èlò orin) kan l'Ékòó tàbí l'Ábùjá bá nílò èèyàn, wọ́n á pè mí, wọ́n á sanwó eré yẹn, ó parí. Ìdánrawò ló ń gba ọjọ́. Eré alẹ́ kan lè jẹ odidi ọ̀sẹ̀.

Nílé, ìgbà tí ọmọ bá sùn ni mo máa ń dánra wò; mo á fi rọ́bà há afárá tó gbé okùn fayolín ró, kí ohùn lè wálẹ̀. 

Wọ́n ti tún pè mí fún kárọ́ọ̀lù Kérésì, ìgbà tí àwọn ará ilé ọkọ mi ń wálé gan-an. Màmá ọkọ mi gbà láti tọ́jú ọmọ, àmọ́ wọ́n ní, "Ṣé iṣẹ́ tí kò lówó oṣù náà lo torí ẹ̀ ń filé sílẹ̀?" Ọkọ mi ò bínú, ó kàn ń dákẹ́ jù ni. Tí mo bá sì kọ̀, wọ́n lè má pè mí mọ́.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ṣe irú iṣẹ́ yìí, ṣé ẹ máa ń gbé ọmọ dání ni? Báwo lẹ ṣe ń bá ìyá ọkọ sọ ọ́ tí kò fi ní dìjà?