Bóòtù wọ́tà pọ́ǹpù já sínú ẹ́ńjìnì: báwo lẹ ṣe ń yọ ọ́?

Adó-Èkìtì:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin tí ẹ ń tú mọ́tò yín fúnra yín. Bóòtù onísípánà 10 tó di wọ́tà pọ́ǹpù mú ló já. Orí rẹ̀ wà nínú sókẹ́ẹ̀tì, ìyókù wà nínú ẹ́ńjìnì. Ara ẹ́ńjìnì ọ̀hún, alumíníọ̀mù ni. Kí lẹ máa ń kọ́kọ́ ṣe?

Ìkọ̀lé-Èkìtì:
Ẹ gbé ráṣẹ́ẹ̀tì sílẹ̀ ná. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá tó tẹ̀ lé jíjá bóòtù ló ń ba ẹ́ńjìnì jẹ́ ju jíjá náà lọ. Tó bá ṣì yọ síta díẹ̀, ẹ má gé e, ẹ má sì fi òòlù gbá a wọlé. Ibi tó yọ yẹn lọwọ́ yín máa fi mú un.

Ẹ fi wáyà bọ́rọ́ọ̀ṣì ha ìdí rẹ̀. Ẹ ó rí ìyẹ̀fun kan tó funfun bí ẹfun. Alumíníọ̀mù tó ti jẹrà nìyẹn, òun ló lẹ bóòtù mọ́lẹ̀. Omi kànga tí a ń rọ sí rèdíétọ̀ dípò kúláàǹtì ló sábà máa ń dá a sílẹ̀. Ẹ po ATF (epo jíà ọ́tò) mọ́ acetone (àwọn tó ń ṣe èékánná ń lò ó), ìwọ̀n kan náà, ẹ kán an sí i, kó mọ́jú níbẹ̀. Ẹ máa mi ìgò náà kẹ́ ẹ tó kán an, torí méjèèjì kì í pẹ́ pínyà. Iná kò gbọ́dọ̀ súnmọ́ ọn títí acetone á fi gbẹ tán pátápátá.

Lọ́jọ́ kejì, ẹ yọ bẹ́ẹ̀tì àti gbogbo rọ́bà tó wà nítòsí, kẹ́ ẹ wá fi iná gáàsì kékeré mú ara ẹ́ńjìnì yíká bóòtù gbóná. Ẹ má dojú iná kọ bóòtù fúnra rẹ̀. Tí ooru bá mú wọn bákan náà, alumíníọ̀mù máa ń fẹ̀ tó ìlọ́po méjì irin, ihò á sì dẹ̀. Ẹ fi báìsì-gírìpù mú un gírígírí, ẹ kọ́kọ́ yí i díẹ̀ bí ẹni fẹ́ fún un sí i, kẹ́ ẹ tó dá a padà. Síwájú, sẹ́yìn, síwájú, sẹ́yìn. Tó bá ń dún kíríkírí, ẹ tún kán epo sí i. Ẹni tó bá fipá fà á lẹ́ẹ̀kan á tún já a.

Ìjerò-Èkìtì:
Tó bá já dọ́gba pẹ̀lú ojú ihò ńkọ́? Wẹ́dà ni. Ẹ gbé nọ́ọ̀tì M8 lé orí bóòtù M6 tó já (M6 ni bóòtù onísípánà 10 yín, 6 mm ni ara rẹ̀ fẹ̀), kí wẹ́dà jó o láti inú ihò nọ́ọ̀tì náà. Irin ò ní lẹ̀ mọ́ alumíníọ̀mù, ẹ má bẹ̀rù. Ooru rẹ̀ gan-an á tún tú ìpẹtà náà. Kó tó fọwọ́ kàn án o, ẹ yọ orí bátìrì méjèèjì, ẹ yọ wáyà bréènbọ́ọ̀sì (kọ̀ǹpútà mọ́tò), kí áàtì wẹ́dà sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tó ń jó. Bréènbọ́ọ̀sì tó bá jóná, owó rẹ̀ ju owó wọ́tà pọ́ǹpù lọ fíìfíì. Bó bá ti ń tutù díẹ̀, ẹ fi àbẹ́là kan ìdí bóòtù, á yọ́ wọ inú eyín rẹ̀.

Ẹ̀fọ̀n-Aláayè:
Wẹ́dà tó mọ̀ ọ́n ṣe ò pọ̀, ẹlòmíì á jó nọ́ọ̀tì mọ́ afẹ́fẹ́. Díríìlì ló kù. Ẹ ki àkísà bọ gbogbo ihò omi, kí èérún irin má bàa wọlé. Ẹ lu ojú àmì sí àárín gbùngbùn bóòtù. Iṣẹ́ ọ̀hún nìyẹn, ìyókù rọrùn. Irin le, alumíníọ̀mù rọ̀, bí bíìtì bá yà díẹ̀ péré, ibi tó rọ̀ ló máa sá lọ. Bíìtì 3 mm ni kẹ́ ẹ fi bẹ̀rẹ̀, kó máa yí pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, pẹ̀lú epo, kẹ́ ẹ tó bọ́ sí 4, lẹ́yìn náà 5. Ní 5 mm, ohun tó kù ò ju eyín bóòtù lọ, abẹ́rẹ́ lè ṣà á jáde. Tí eyín ihò bá ti bàjẹ́, 6.3 mm lẹ máa fi lu ú, kẹ́ ẹ fi táàpù Helicoil gé eyín sí i, kẹ́ ẹ wá ki Helicoil M6 (wáyà lílọ́ tó ń di eyín tuntun fún ihò) bọ̀ ọ́.

Easy-out, irin tí wọ́n ń ki bọ ihò tí wọ́n lu sínú bóòtù tó já láti fi yí i jáde? Èmi ò gbà á fún M6. Ó tẹ́ẹ́rẹ́, ó le bíi gíláàsì. Tó bá kán sínú bóòtù, kò sí bíìtì lásán tó lè lu ú mọ́.

Ìkọ̀lé-Èkìtì:
Fún M10, mo gbà á, lẹ́yìn iná àti epo. M6, rárá.

Adó-Èkìtì:
Mo gbọ́. Tó bá jáde, tuntun ńkọ́?

Ìjerò-Èkìtì:
Ẹ fi pọ́ǹpù kẹ̀kẹ́ fẹ́ ihò náà gbẹ. Ihò tó dí nísàlẹ̀, tí epo bá wà nínú rẹ̀, bóòtù tó ń wọlé á fún epo náà, ara ẹ́ńjìnì á sì là. Ráṣẹ́ẹ̀tì kékeré ni kẹ́ ẹ fi fún un, 9 sí 10 Nm (Nm ni ìwọ̀n agbára tí a fi ń fún bóòtù). Ọwọ́ gígùn ló já ti àkọ́kọ́. Kẹ́ ẹ tó fi tuntun sí i, ẹ to orí tó já àti ìdí tẹ́ ẹ yọ pọ̀ lórí tábìlì, kẹ́ ẹ wọ̀n ọ́n mọ́ bóòtù tuntun. Bí kò bá gùn tó o, ó ṣẹ́kù sínú.